Kí ẹ tó lọ sí Congaree, ẹ bi odò léèrè

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ lọ sí Congaree, ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní South Carolina níbí, oòrùn mú ganrínganrín, òjò ò sì kán ní ìlú Columbia nítòsí ibẹ̀ láti bí ọjọ́ márùn-ún. A débẹ̀, omi ti bo afárá pákó ìsàlẹ̀. Bí a ṣe gbé kúlà ìrẹsì wa padà sílé nìyẹn.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òkè lọ́hùn-ún ni òjò ti ń rọ̀. Odò Broad àti Saluda ló ń gbé e bọ̀. Wọ́n á pàdé ní Columbia, wọ́n á di odò Congaree, omi á wá ya wọ igbó. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá lọ́dún. Àkùrọ̀ ni, àfi pé kò sẹ́ni tó gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ wo ìkànnì ọgbà náà, bóyá afárá ṣí. Wọn kì í gbowó ìwọlé.

Harry Hampton, akọ̀ròyìn tó kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n má gé gẹdú ibẹ̀, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ tó gbọ́. Wọ́n kan òṣùwọ̀n kan tó ń sọ bí ẹ̀fọn ṣe pọ̀ tó mọ́ ara ilé náà. Ẹ má fi ṣẹ̀rín: bó bá ti dé ibi tí wọ́n kọ “ojú ogun” sí, ẹ padà sínú ọkọ̀. Ìgbà ìrúwé àti oṣù kọkànlá ló tù mí lára jù. Aṣọ alápá gígùn ni kí ẹ wọ̀, bàtà tí kì í yọ̀ sì ni, torí ẹrẹ̀ máa ń kù sórí pákó.

Ìrìn afárá náà lé ní máìlì méjì. Ẹ rọra rìn. Gbòǹgbò igi cypress tó yọrí sókè láti inú omi ni wọ́n ń pè ní orúnkún. Nígbà tí màmá mi wá kí wa, wọ́n ní ta ló kó egbére jọ báyìí, wọ́n bá ń wá ẹní wọn kiri! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún wọn pé inú igbó yìí làwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn máa ń fara pamọ́ sí, wọ́n dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bi mí pé kí ni wọ́n wá ń jẹ.

Ẹ gbé oúnjẹ àti omi mímu dání o. Kò sí búkà níbẹ̀.