Fáìlì Tó Gbé Ilà Ilé Rẹ̀ Dání: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi restorecon Tún Un Kọ

Màmá tí mò ń bá tọ́jú ojú ìwé ìtajà wọn, aládìrẹ ni wọ́n n'Ítòkú, pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan: "Bàbá Tóbi, àwọn oníbàárà láwọn ò rí aṣọ kankan o." Mo ṣí i wò, 403 Forbidden (ìyẹn ni pé a ò gbà yín láyè láti wò ó) ló hàn níbi tó yẹ kí àwòrán wà. Mo fi chmod ṣí àwọn fáìlì náà sílẹ̀ kí tẹrú-tọmọ lè kà á, pàbó ló já sí.

SELinux, ẹ̀ṣọ́ ààbò tó wà nínú Linux, ló dí ọ̀nà. Lórí Fedora, AlmaLinux àti Rocky, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, yàtọ̀ sí àṣẹ tí chmod ń fúnni. Àmì yẹn ni yóò sọ bóyá Apache, ètò tó ń gbé ojú ìwé náà jáde fún àwọn oníbàárà, lè fọwọ́ kàn án. Ẹ wò ó báyìí:

ls -Z /var/www/html/aworan

Èyí tí mo rí ni unconfined_u:object_r:user_home_t:s0. Apá kẹta, tó parí sí _t, ni kí ẹ tẹjú mọ́. Àmì inú ilé ni user_home_t, torí pé mv ni mo fi kó àwọn àwòrán náà wá láti /home. Bí ọmọ tó kọ abàjà l'Ábẹ́òkúta bá kó lọ sí Èkó, ilà rẹ̀ á bá a débẹ̀. Bí mv ṣe ń ṣe nìyẹn. Ti cp lásán, láìfi -a sí i, yàtọ̀: ẹ̀dà tuntun máa ń gba ilà ibi tí wọ́n bí i sí.

restorecon ló ń tún àmì fáìlì kọ kó lè bá ibi tó wà mu. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò:

sudo restorecon -Rvn /var/www/html

n yẹn kò ní jẹ́ kó yí nǹkan kan padà. Ohun tó fẹ́ ṣe nìkan ló máa sọ. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ n kúrò, kí ẹ tún un tẹ̀. Àwòrán Màmá jáde lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán pọ̀, mo kó wọn lọ sí /srv/adire, 403 bá tún dé. restorecon fún wọn ní var_t, Apache kì í sì í ka ìyẹn. Kì í ṣe pé restorecon bàjẹ́. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ìlànà náà kò sì mọ /srv/adire sí ibi ìtajà. Mo fi chcon yí àmì náà padà, ó ṣiṣẹ́, mo bá gbàgbé rẹ̀. Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo fi restorecon tún gbogbo /srv ṣe, gbogbo rẹ̀ padà di var_t. Màmá pàdánù ọjà ọjọ́ yẹn, ó sì dùn mí gan-an. Ara fáìlì nìkan ni chcon ń kọ̀wé sí. Pípa kọ̀ǹpútà àti títàn án padà kò lè pa á rẹ́, àmọ́ restorecon tó bá tẹ̀ lé e á pa á rẹ́.

semanage ló ń kọ ọ́ sínú ìlànà. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun ò rí semanage (command not found):

sudo dnf install policycoreutils-python-utils

Lẹ́yìn náà:

sudo semanage fcontext -a -t httpd_sys_content_t "/srv/adire(/.*)?"
sudo restorecon -Rv /srv/adire

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì àyọlò yẹn, ẹ má sì kọ "/srv/adire/*". Níbí, ìràwọ̀ yẹn kò túmọ̀ sí "gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀". Ó kàn ń sọ pé ìlà "/" lè pọ̀ tàbí kó má sí rárá. Kò ní kan fáìlì kankan. Tí fódà kan bá wà tí Apache gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí, httpd_sys_rw_content_t ni kí ẹ fún fódà yẹn nìkan.

Àwọn kan á ní kí ẹ tẹ setenforce 0, tí kì í jẹ́ kí SELinux dí ohunkóhun lọ́nà mọ́, kí ẹ sinmi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ̀ṣọ́ gbogbo ẹ̀rọ náà lẹ lé lọ nítorí fódà kan. Bí 403 bá ṣì ń yọjú, ẹ ṣí ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó tẹ:

sudo ausearch -m AVC -ts recent

Ohun tí SELinux kọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn ló máa kó síta. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, inú ètò Apache fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.