Bí a ṣe ń fi àbẹ́là kọ́ ọmọ nípa iná

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò iná nínú kíláàsì kò nílò ju àbẹ́là mélòó kan, àwo pẹrẹsẹ, ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ìṣáná àti omi, gbogbo èyí tí a lè rà ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo. Kí ẹ tó ṣáná, ẹ gbé garawa yanrìn sí ìtòsí, kí àwọn ọmọbìnrin tó wọ hìjáàbù ká etí rẹ̀ bọ inú aṣọ, kí ẹ sì ti fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbà wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sípírítì tàbí epo bẹntiróòlù kún un rárá, nítorí oru wọn, tí a kì í fojú rí, ni iná kọ́kọ́ ń mú.

Ẹ fi ìda tó yọ́ lẹ àbẹ́là mọ́ àárín àwo, ẹ bu omi sí i, ẹ tan án, kí ẹ sì rọra dé ìgò lé e. Kí àwọn ọmọ tẹjú mọ́ ẹnu ìgò, nítorí omi ibẹ̀ a máa yọ ìhó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: afẹ́fẹ́ tí iná mú gbóná ni ó ń wá ọ̀nà jáde. Bí iná bá ti ń kú ni omi á yára gòkè sínú ìgò.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Èmi náà ti kọ ọ́ sójú pátákó rí pé omi gba àyè ọ́síjìn tí iná jẹ tán, mo sì fi ìdá 21 nínú 100 tí ọ́síjìn jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ gbè é lẹ́sẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná a máa kú kí ọ́síjìn tó tán. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ni ó tutù, tí ó sún kì, tí omi fi rí àyè wọlé. Ẹ fi àbẹ́là mẹ́ta sábẹ́ ìgò kan náà: omi á gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn inú ìgò kò pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan àbẹ́là kan, ẹ fẹ́ ẹ pa, kí ẹ sì yára mú ìṣáná tó ń jó sún mọ́ èéfín funfun tó ń gòkè, láì kan òwú. Iná á gba ojú èéfín náà sọ̀ kalẹ̀, òwú á sì tún gbiná, torí oru ìda gan-an ni iná ń jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni kí ó máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró tì í, kí ó sì ri igi ìṣáná bọ omi kí ó tó padà sí àyè rẹ̀.