Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Àwọn Ará Fílípínì Tó Ń Gbé Amẹ́ríkà

Ẹ má bi ará Fílípínì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní Amẹ́ríkà pé ìgbà wo ló dé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ ló dé. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ Spain ní 1898, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1946. Abẹ́ àsíá Amẹ́ríkà ni àwọn tó wá ṣiṣẹ́ oko ní California láyé ìgbà náà ti wá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò mú kí àwọn òyìnbó kà wọ́n sí ọmọ onílé. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1930, àwọn òyìnbó ya bò wọ́n ní Watsonville ní California, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀kan nínú wọn, Fermin Tobera. Nígbà tó di 1934, òfin Amẹ́ríkà ní kí ará Fílípínì tó máa wọlé lọ́dún má ju 50 lọ.

Ẹ má sì yìn wọ́n pé wọn kì í bá ọ̀gá fà á. Cesar Chavez, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ oko, ni gbogbo ayé ń dárúkọ tí a bá ní ìyanṣẹ́lódì oko àjàrà Delano ní California, àmọ́ àwọn ará Fílípínì, tí Larry Itliong ṣáájú wọn, ló kọ́kọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1965. Ẹ̀yìn wọn ni Chavez tó dé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí.

Àṣìṣe tó dùn mí jù, inú ilé wọn gan-an ló wà, ó sì yẹ kó yé ọmọ Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Houston tàbí London. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò kọ́ ọmọ ní èdè ìbílẹ̀ wọn, bíi Tagalog tàbí Ilocano, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ọmọ dàgbà tán, ó dé òde àríyá, àwọn àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀fẹ̀ pé òyìnbó ni. Ta ló fi èdè náà pamọ́ fún un? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Manila dé náà kò bọ́: àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń pè é ní FOB ("fresh off the boat", ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi), wọ́n ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Tó bá jẹ́ Cebu, erékùṣù mìíràn ní Fílípínì, ló ti wá, àwọn elédè Tagalog ti fi ohùn Bisaya rẹ̀, ìyẹn èdè ibẹ̀, ṣe àwàdà kó tó wọ bàálù rárá. Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ńkọ́? Ẹ má béèrè. TNT ("tago nang tago", ẹni tó ń sá pamọ́ ṣáá) ni wọ́n ń pe ẹni tí kò ní in láàárín ara wọn, ẹlòmíràn kò sì mọ̀ pé òun wà lára wọn. Ọmọ ọdún 12 ni Jose Antonio Vargas nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí California ní 1993. Ó pé 16, ó lọ gba ìwé ìwakọ̀, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ayédèrú ni káàdì ìgbélùú ọwọ́ rẹ̀. Ó di akọ̀ròyìn, ó wà lára àwọn tó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ 2011 ló tó sọ fáyé gbọ́ pé òun kò ní ìwé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ tirẹ̀ fún yín, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má sì tún un sọ níbòmíràn.