Bí Mo Ṣe Ń Fi Ìgbẹ́ Màlúù àti Èèpo Iṣu Dáná

Agbègbè Akínyẹlé ní Ìbàdàn ni mo ń gbé, níbi tí ilé ìpẹran ńlá ìlú wà, nítorí náà ìgbẹ́ màlúù kì í ṣe ohun tí à ń wá tì. Gáàsì ìdáná ni apá wa kò fẹ́ẹ́ ká mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń gbé wá sí ọjà, títí kan èédú, ni owó rẹ̀ ti lé sí i. Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ìgbẹ́ tí a bá wọ́ jọ sílẹ̀ kì í kàn jẹrà lásán: nísàlẹ̀ òkìtì náà, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì methane, irú gáàsì kan tó máa ń gbaná, ló ń ti inú rẹ̀ jáde, agbára èyí láti mú kí ayé móoru sì tó ìlọ́po 28 ti carbon dioxide, irú gáàsì tí à ń mí síta, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí a bá wá fi methane náà dáná, omi àti carbon dioxide ló ń dà, ara koríko tí màlúù jẹ ni carbon inú rẹ̀ sì ti wá, nígbà tí ti gáàsì inú sílíńdà ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ayébáyé kí a tó hú u jáde.

Láti jẹ́ kí ìgbẹ́ jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, kí n sì lè kó gáàsì rẹ̀ jọ fún ìdáná, táńkì oníke onígun mẹ́rin tó ń gba 1000 lítà ni mo rà, irú èyí tí irin yí ká, tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń kó kẹ́míkà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé májèlé díẹ̀ ti tó láti pa àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ló ń mú kí ìgbẹ́ jẹrà di gáàsì. Púlọ́ńbà bá mi ki páìpù ìwọlé bọ̀ ọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ lè máa wà lábẹ́ omi nígbà gbogbo, kí afẹ́fẹ́ má sì ráyè wọlé. Páìpù ìjáde wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, họ́ọ̀sì gáàsì sì wà lókè. A fi ọṣẹ híhó pa gbogbo oríkèé rẹ̀ láti wo ibi tí ó bá ti ń jò, lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rá dúdú wé táńkì náà, kí oòrùn lè mú un gbóná.

Omi kànga àti ìgbẹ́ tútù ni mo pò pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ọwọ́ ni mo fi ṣa òkúta àti pòròpórò kúrò nínú rẹ̀, mo sì rò ó títí ó fi dà bí ẹ̀kọ mímu. Kí ẹ má bínú sí àfiwé mi. Lẹ́yìn èyí, sùúrù ló kù. Gáàsì tó kọ́kọ́ jáde kò gbaná rárá, nítorí pé carbon dioxide ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ tú u dànù, pàápàá nítorí afẹ́fẹ́ tó dàpọ̀ mọ́ ọn, tó lè mú kí ó bú gbàmù. Nígbà tí ó yá, iná aláwọ̀ búlúù jáde, kò sì ní èéfín.

Òórùn ẹyin jíjẹrà tó máa ń wà lára gáàsì yìí wá láti inú hydrogen sulphide, tó máa ń jẹ irin, tó sì léwu fún èèyàn. Mo ki irin wúruwùru tí a fi ń fọ ìkòkò sínú páìpù kékeré kan, mo jẹ́ kí ó dógùn-ún díẹ̀, mo sì darí gáàsì gba inú rẹ̀. Nígbà tí mo tú u wò, ó ti dúdú kírí. Tíúbù táyà ọkọ̀ àjàgbé ni gáàsì ń lọ kó sí, búlọ́ọ̀kù tí mo gbé lé e ló sì ń tì í lọ sí ojú sítóòfù. Mo tún ní láti fẹ ojú ihò sítóòfù náà, nítorí pé gáàsì yìí kò ní ipá tó ti sílíńdà.

Ní báyìí, a ń fún un ní nǹkan bí kílò mẹ́jọ ìgbẹ́ lójúmọ́ pẹ̀lú omi, èèpo iṣu àti àjẹkù oúnjẹ díẹ̀. Èyí ń fún wa ní iná bíi wákàtí kan: ó tó ro ẹ̀bà, ó tó gbé ọbẹ̀ kaná, kò tó se ẹ̀wà. Èèpo ọsàn kì í wọ ibẹ̀, nítorí pé òróró ara rẹ̀ ń pa àwọn kòkòrò náà. Èèpo pákí pẹ̀lú gba ìwọ̀nba, torí bí ó bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á kan, gáàsì á sì dáwọ́ dúró.

Lójú tèmi, omi tó ń jáde láti páìpù kejì níye lórí tó gáàsì fúnra rẹ̀. Mo máa ń là á pẹ̀lú omi kí n tó bu ú sí ìdí ewédú àti tẹ̀tẹ̀, n kò sì ra ajílẹ̀ mọ́. Nígbà ọyẹ́, tí òru bá tutù, gáàsì máa ń dínkù gan-an, nítorí náà sílíńdà ṣì wà ní ilé ìdáná wa, fún ìgbà ọyẹ́ àti fún ẹ̀wà.