Sáìtì yín wà níbẹ̀, àmọ́ Google ò rí i: ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyí

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó sáìtì, tẹ́ ẹ ti tẹ àdírẹ́sì ẹ̀ sára káàdì, tí kọ́sítómà kan ò sì tíì tibẹ̀ pè yín rí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Àbúrò mi obìnrin ń ta kajú yíyan ní Kabba. Odindi ọdún kan ni sáìtì ẹ̀ fi wà, kò sẹ́ni tó rí i. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo tẹ site: sínú Google, mo lẹ àdírẹ́sì sáìtì náà mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀, a ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ná. Tí nǹkan kan ò bá jáde, á jẹ́ pé Google ò tíì mọ̀ yín nìyẹn, ọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ wà lókè ò tíì délẹ̀ rárá.

Ohun tó ṣe tiẹ̀ rèé: WordPress, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, ni wọ́n fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá wọ Settings, tẹ́ ẹ tẹ Reading, ẹ máa rí àpótí kékeré kan tó ń sọ fún Google àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n má wọlé. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ti máàkì ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, ó gbowó, ó bá tiẹ̀ lọ. Máàkì kan péré o! Mo yọ ọ́, àmọ́ inú ṣì ń bí mi.

Ẹ wá lọ sí Google Search Console, ibi tí Google ti ń jẹ́ kí ẹni tó ni sáìtì rí bí òun ṣe ń rí i, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi hàn án pé ẹ̀yin lẹ ni sáìtì, ẹ fún un ní sitemap, ìyẹn àkójọ àwọn ojú ewé sáìtì yín (ti WordPress sábà máa ń jẹ́ wp-sitemap.xml), kẹ́ ẹ tẹ Request Indexing, ìyẹn ni pé kí Google wá wò ó, fún ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ ní sùúrù, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Àkọlé ojú ewé àbúrò mi ni "Home - Welcome". Ta ló ń wá "Welcome" kiri? Ẹni tó wà ní Lọ́kọ́jà tó fẹ́ ra kajú, orúkọ ọjà àti orúkọ ìlú ló máa tẹ̀, òyìnbó ló sì sábà máa fi tẹ̀ ẹ́, a wá yí i sí "Roasted cashew nuts in Kabba, Kogi State". Ẹ bi àwọn kọ́sítómà yín léèrè ohun tí wọ́n máa ń tẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ méjì sí Google kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa parí ẹ̀ fún yín. Ẹ má wá kọ "Kabba" nígbà ogójì o, jìbìtì ni Google máa kà á sí. Gbogbo iye owó àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ló sì wà nínú àwòrán fláyà, a tún wọn tẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kí Google lè rí wọn kà dáadáa.

Àwòrán tó tóbi jù, ẹ dín in kù, torí fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó, ẹni tó wà lọ́nà Bùnú tí nẹ́twọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège ò ní dúró dè yín.

Tẹ́ ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣe Google Business Profile, ìyẹn ohun tó ń fi ṣọ́ọ̀bù yín hàn lórí Google àti máàpù ẹ̀, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ilé wa púpọ̀ ò ní nọ́ńbà, torí náà ẹ fọwọ́ ara yín fa àmì orí máàpù síbi tí ṣọ́ọ̀bù wà gan-an. Ẹni tó bá sì ní òun máa gbé yín sípò kìíní dájúdájú, ẹ má sanwó fún un, Google fúnra ẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo Performance nínú Search Console, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín. Lánàá la rí i pé àwọn kan ń wá kajú àpò-àpò ní Ìsánlú, bẹ́ẹ̀ a ò kọ Ìsánlú síbì kankan. Ojú ewé ti Ìsánlú ni àbúrò mi ń kọ lọ́wọ́ báyìí.