Kálípà Òsì Méjì: Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Búrèkì BMW Mi ní Abẹ́òkúta

₦311,000 ni mo kọ sínú ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀. ₦471,000 ni mo ná. Kò sí ìdí kan tó fi yẹ kí ₦160,000 tó lé yẹn kúrò lápò mi, àfi pé ẹni tó ta kálípà fún mi, ìyẹn irin tó máa ń fún páàdì mọ́ dísìkì búrèkì, di ti òsì méjì sínú àpò, ó sì sọ fún mi pé ọ̀tún àti òsì ni. Inú mi ò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

BMW 325i ọdún 2003 ni ọkọ̀ náà, èyí tí àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ń pè ní E46. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń bú bí ẹkùn. Àwa mélòó kan máa ń dáwó jọ láti gba pápá ọlọ́dà kan tí ọkọ̀ mìíràn kì í gbà, kí a lè sáré níbi tí a ò ti ní ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní jàǹbá. Ibẹ̀ ni búrèkì ti já mi kulẹ̀. Mo ti yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo tẹ búrèkì kí n lè ya kọ́nà, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ títí ó fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Jíà ni mo fi dín eré kù, mo sì já sínú koríko. Ọpẹ́lọpẹ́ pé koríko ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ògiri.

Ooru ló fà á. Eré tí búrèkì bá pa kì í ṣòfò, ooru ló ń dà sára dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, láti ibẹ̀ ó dé ara páàdì tó ń fún dísìkì náà, ó sì dé inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì búrèkì sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, pàápàá nígbà òjò tiwa yìí. DOT 4, irú ọ́ìlì búrèkì kan, tó bá ṣì jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti mu omi lè hó ní nǹkan bí 155°C. Tó bá ti hó, oru wọ inú páìpù, oru sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ́ìlì ò ṣeé tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi rì.

Dísìkì iwájú 325i jẹ́ mílímítà 300. Ti 330i tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan náà jẹ́ 325, ó nípọn tó 25, kálípà rẹ̀ àti búrákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé kálípà dúró sì ń wọlé sára 325i láìsí pé ẹnikẹ́ni jó irin kankan. Ríìmù 17 ló fẹ́, mo sì ti ní i. Mo ra dísìkì àti páàdì tuntun, mo ra DOT 4 ìgò mẹ́ta, mo sì lọ bá wọn ra kálípà tòkunbọ̀ méjì ní Èkó, ₦120,000.

Títú àti dídè rẹ̀, n ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹni tó bá ti pààrọ̀ páàdì rí mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà rántí pé páànù tó wà lẹ́yìn dísìkì kékeré yóò máa ha dísìkì ńlá, ẹ ní láti gé e díẹ̀. Bóòtì búrákẹ́ẹ̀tì, 110 Nm, ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń de bóòtì, ni kí ẹ dè é, kì í ṣe kí ọmọ iṣẹ́ gun sípánà lórí. Títí di agogo méjì ọ̀sán, gbogbo ẹ̀ dùn. Bí mo ṣe rí dísìkì ńlá yẹn nínú ríìmù, mo yí ọkọ̀ po bí ìgbà méje.

Ìgbà tí a fẹ́ yọ afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì búrèkì ni wàhálà dé.

Ọmọ iṣẹ́ wà lókè, ó ń tẹ búrèkì, ọ̀gá mẹkáníìkì wà nílẹ̀ nídìí nípù, ẹnu kékeré lára kálípà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. "Tẹ̀ ẹ́! Mú un dání! Ó yá, gbẹ́sẹ̀!" A ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, a ṣe iwájú. Búrèkì rọ̀ bíi fùfú. A tún un ṣe. Ó rọ̀. Ìgò mẹ́ta tán lọ́jọ́ kìíní, mo tún ra méjì, ó tún tán. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀kadà ni mo ń gùn láti Àsẹ̀rò lọ síbi iṣẹ́, nínú òjò.

Ọjọ́ kẹta náà ni ọ̀gá nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màsítà yín ti kú." Màsítà ló ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà tí a bá tẹ búrèkì. Mo bi í pé báwo ló ṣe kú nígbà tí a ò fọwọ́ kàn án. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kú. Mo gbà, torí ó ti rẹ̀ mí. ₦65,000 ni màsítà tòkunbọ̀, ọ́ìlì ìgò mẹ́ta sì tún bá a lọ. Wọ́n dè é lọ́jọ́ kẹrin. Búrèkì rọ̀ bó ṣe rọ̀ lánàá.

Alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, tí gbogbo wọn ti lọ sílé, mo fi iná fóònù wo ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ní òsì, mo wo nípù rẹ̀, ó kọjú sókè. Mo lọ sí ọ̀tún, mo wá nípù lókè, n ò rí i. Ìsàlẹ̀ ló wà. Mo padà sí òsì, mo tún lọ sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Nígbà yẹn ló yé mi: òsì ni méjèèjì, bí ẹni wọ bàtà ẹsẹ̀ òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó wọlé, bóòtì gbà á, ṣùgbọ́n òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń sá sí nínú ọ́ìlì. Tí ẹnu ọ̀nà bá wà nísàlẹ̀, ẹ lè tẹ búrèkì di ọdún iléyá, ọ́ìlì ni yóò máa jáde, afẹ́fẹ́ yóò jókòó sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n tú kálípà ọ̀tún kúrò lára búrákẹ́ẹ̀tì láìyọ họ́ọ̀sì. Mo ki pákó tó nípọn bíi dísìkì sáàárín páàdì méjèèjì kí písítínì má baà yọ síta, mo gbé e sókè títí nípù fi dojú kọ ọ̀run, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ búrèkì. Afẹ́fẹ́ tú jáde, ó ń hó wìrìwìrì nínú rọ́bà. A dá a padà, mo tẹ búrèkì: ó le gbọn-in! Ẹni tó ti ń ṣe mẹkáníìkì láti ogún ọdún dúró, ó ń wò mí. Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ni mo rí i.

Síbẹ̀ n ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ni n ó máa tú u. Mo padà sí Èkó. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Ó wo nípù méjèèjì, ó ní èmi ni mo mú un fúnra mi. Irọ́ ni, òun ló dì í. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ra ti ọ̀tún, ₦60,000.

Tí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ gbé méjèèjì síwájú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí nípù méjèèjì wà lókè, kí wọ́n sì kọjú síra bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Tí ọ̀kan bá kẹ̀yìn sí èkejì, ẹ má san kọ́bọ̀. Tí mẹkáníìkì bá sì ní màsítà ti kú, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi nípù hàn yín.

Ìdájí Sunday ni mo lọ jẹ́ kí páàdì àti dísìkì mọ ara wọn lójú ọ̀nà Ṣàgámù, lẹ́yìn Kóbapè, nígbà tí títì ṣófo: mo fi búrèkì dín eré kù láti 100 sí 30 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìdúró pátápátá, kí n tó wá rọra wakọ̀ kí ó tutù. Páàdì eré pápá ni mo rà, kì í mú dáadáa tí kò bá tíì gbóná, ó sì ń han goooro ní Panṣẹ́kẹ́ láàárọ̀ débi pé àwọn èèyàn ń yíjú. Ká ní mo mọ̀ ni, n bá ti ra ti ìgboro sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní pápá, mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ gbáko, ibi tí ẹsẹ̀ mi dúró sí nígbà àkọ́kọ́ náà ló dúró sí nígbà ìkẹjọ. Màsítà mi àtijọ́ tí wọ́n ní ó kú wà nílé, kò sí nǹkan tó ṣe é. Kálípà òsì kejì náà wà nínú búùtù. Ẹni tó bá nílò ti òsì gan-an, ₦40,000 ni n ó gbà.