Sátífíkéètì kún fáìlì, kíláàsì ò yí padà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ríran olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́

Ọ̀gá ẹ̀ka tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ná lórí àwọn olùkọ́ rẹ̀ lérè, kó má wulẹ̀ ṣí fáìlì. Kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lọ́sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti wọ́kṣọ́ọ̀pù dé. Bí olùkọ́ bá ṣì ń ka nóòtì jáde, tí akẹ́kọ̀ọ́ 200 sì ń kọ ọ́ láìgbójú sókè, owó yẹn ti bá omi lọ.

Àwa Yorùbá tó ń kọ́ni lókè Ọya ò kéré. Láti Gwagwalada dé Minna, dé Zaria, Jos àti Lokoja, a wà nípò HOD (ọ̀gá ẹ̀ka), a wà nípò dín, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka mélòó kan, a wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ẹni tó ń lọ síbi àpérò àti ẹni tó ń dúró sílé. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí sílẹ̀ ní èdè wa, nítorí púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí, ọwọ́ wa náà wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ní hòtẹ́ẹ̀lì

Èyí ló ń gba owó jù. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn ní Wuse tàbí Utako ní Àbújá, wọ́n á kó olùkọ́ 120 jọ, ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́fà á máa sọ̀rọ̀ tẹ̀ léra wọn láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín sátífíkéètì, ó tán.

Ìdí tí kò fi ń ṣiṣẹ́ kò fara sin. Ẹni tó bá kọ́ ọ̀nà ìkọ́ni tuntun máa kọsẹ̀ nígbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá dán an wò. Àkókò ò ní tó o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wò ó láìfọhùn, tàbí kí ariwo gba gbogbo kíláàsì. Bí kò bá sí ẹni tó sún mọ́ ọn tó lè sọ pé, “Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, jẹ́ kí ìbéèrè yẹn kúrú sí i, tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ìdí nóòtì tó ti mọ́ ọn lára ló máa padà sí. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ pín owó ọjọ́ kan yẹn sí ìpàdé mẹ́fà, wákàtí méjì-méjì, láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yín gan-an. Kí àwọn tó wá má ju 15 lọ. Kí olúkúlùkù mú kóòsì tó ń kọ́ lọ́wọ́ dání, pàápàá ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ́ nípàdé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lọ lò ó, kí wọ́n sì wá sọ ibi tó ti dùn àti ibi tó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò: bí a ṣe ń gé ẹ̀kọ́ wákàtí méjì sí wẹ́wẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ 200. Olùkọ́ á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á kọ ìbéèrè kan sójú pátákó. Fún ìṣẹ́jú kan, kálukú á kọ ìdáhùn tirẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á fi wé ti ẹni tó jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà, á pe ẹni mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan níwájú. Á tún ohun tó wọ́ ṣe, á sì tẹ̀síwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni kó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wákàtí méjì.

Ibi méjì ló ti sábà ń bàjẹ́. Èkíní, ìbéèrè náà á rọrùn jù, ìdáhùn rẹ̀ á ti wà nínú nóòtì bó ṣe rí gẹ́lẹ́, nítorí náà wọn ò ní rí nǹkan kan bára wọn sọ. Èkejì, olùkọ́ ò ní ní sùúrù. Mary Budd Rowe, tó ṣèwádìí nípa èyí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, rí i pé bí olùkọ́ bá bi ìbéèrè tán, kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó tún gba ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yẹn fi kún un dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú kó tó lanu. Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ lójú èèyàn 200, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin máa ń dà bí ọdún, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ti fi dánra wò nípàdé.

Wíwọ kíláàsì olùkọ́ bí ọlọ́pàá

Èyí ló dùn wá jù, nítorí ohun tó dára gan-an ni wọ́n ń bà jẹ́. HOD á já wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, á jókòó sẹ́yìn fún 20 ìṣẹ́jú, á máa fi máàkì sí àpótí. Fọ́ọ̀mù yẹn á wọ fáìlì, kò sì tún ní jáde mọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń jíròrò ìgbéga. Látọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ á lọ mú kókó tó mọ̀ jù, á ṣeré fún àlejò. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ìbẹ̀wò tó ń ranni lọ́wọ́ ní apá mẹ́ta. Ó ku ọ̀la, àwọn méjèèjì á jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó máa kọ́ni á sọ ohun tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe bí kíláàsì bá parí, á sì sọ ohun kan tó fẹ́ kí èkejì bá òun ṣọ́. Nínú kíláàsì, àkókò àti ohun tójú rí nìkan ni kí àlejò kọ, kó má dájọ́. Báyìí ló ṣe yẹ kó rí: “10:12, ó bi ìbéèrè, ó dá a lóhùn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì. 10:20, fáànù ń pariwo, ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn ohun tó sọ. 10:31, ó yàwòrán, gbogbo wọn gbójú sókè.” Ọjọ́ méjì ò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún jókòó, ẹni tó kọ́ni ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé náà máa wà. Bí wọ́n bá nílò ìbẹ̀wò fún ìgbéga, kí wọ́n ṣe èyí lọ́tọ̀, lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹlòmíì sì ṣe é.

Láàárín àwa Yorùbá, ìṣòro kan tún wà tí fọ́ọ̀mù ò lè yanjú. Ọmọdé wo ló máa kojú ẹ̀gbọ́n tó ti ń kọ́ni fún 25 ọdún, tó máa ní ohùn yín ò dé ẹ̀yìn? Ẹ má retí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn kíláàsì tirẹ̀, kó pe àwọn àbúrò wọlé, kó sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè dáhùn láìyájú. Bó bá bi wọ́n pé, “Ṣé mo ṣe dáadáa?” kò sóhun tó máa gbọ́ ju “Ẹ ṣe dáadáa gan-an, sà.” Kó bi wọ́n pé, “Ìlà wo ni ohùn mi dé?” “Ìlà kẹjọ ni, sà” kì í ṣe àrífín, òǹkà ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò sì wọ akèrègbè: àbúrò yẹn náà ló máa fi bí wọ́n ṣe ń gbé ìbéèrè sórí Google Classroom han ẹ̀gbọ́n, láìsí ìtìjú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ríronú pé ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ ọ́n kọ́

Oyè ọ̀mọ̀wé ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣèwádìí. Ọ̀pọ̀ ò rí ẹni kọ́ wọn ní ìkọ́ni rí, síbẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kóòsì GST (ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe) elérò rẹpẹtẹ àti gbogbo èyí tí àwọn àgbà ti sá fún ni wọ́n máa ń dì lé wọn lórí. Ní sáà àkọ́kọ́, kó má ju kóòsì méjì lọ, kí wọ́n sì jọ kọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ pẹ̀lú àgbà. Kó gba ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti ìlànà ìfúnnimáàkì. Kí àwọn méjèèjì mú ìwé ìdánwò 10 kan náà, kí kálukú máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n wá fi wéra. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti ju máàkì 10 lọ nínú 100, kí wọ́n jókòó wo ohun tó fà á.

Inú ọgbà kan náà ni Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ máa ń wà, tí àwọn ẹlẹ́ńjíníà àti àwọn oníṣirò kì í débẹ̀. Ẹ kàn sí wọn kí ẹ tó lọ háyà ẹnikẹ́ni láti ìta.

Ẹ sì má ṣe fi CCMAS, ìlànà ohun tí yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́ni, ṣòfò. Láti 2023 tí ìlànà tuntun NUC (àjọ tó ń bójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà) yìí ti bẹ̀rẹ̀, 70% nínú ohun tí a ń kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ NUC, 30% tó kù sì wà lọ́wọ́ yunifásítì. Àṣìṣe ni kí ẹ ní kí ẹnì kan jókòó kọ 30% yẹn mọ́jú, tàbí kí ẹ wo ti ilé-ẹ̀kọ́ míì kọ. Ẹ fún olùkọ́ mẹ́ta ní kóòsì kan, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ọ́: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lè ṣe ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n kọ ìbéèrè tó máa dán an wò tẹ̀ lé e, kí àwọn kókó ẹ̀kọ́ wá kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ti ìsàlẹ̀ kọ ọ́ lọ sókè, ibẹ̀ ni kókó tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ti ń wọlé.

Kíka iye àpilẹ̀kọ

Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá ń ka iye nìkan, àwọn olùkọ́ á gba ọ̀dọ̀ jọ́nà (ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde) tó ń ta àyè lọ. Ẹ kọ́ àwọn àbúrò láti dá a mọ̀: ó máa ń ṣèlérí pé òun á tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan, á béèrè owó kí ẹnikẹ́ni tó ka iṣẹ́ náà, orúkọ á sì kún ojú ìwé àwọn olóòtú láìsí pé a mọ yunifásítì tí wọ́n wà. ISSN kì í ṣe ẹ̀rí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ lásán ni, kò sọ nǹkan kan nípa dídára. Bó bá jẹ́ jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wò ó bóyá ó wà lórí DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Kí ẹ̀ka sì máa béèrè ohun tí àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò kọ sílẹ̀. Ẹni tí kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà, kò sẹ́ni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Owó TETFund àti “ọmọ wa”

TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Maitama ní Àbújá, ń sanwó fún olùkọ́ láti lọ gboyè, láti lọ sí àpérò àti láti ṣèwádìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni owó yẹn wà fún, yunifásítì aládàáni gbọ́dọ̀ ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ọdọọdún. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ìgbà tí ọjọ́ ti fẹ́ pé ni wọ́n máa ń wá orúkọ kiri, ẹni tó bá sì wà nítòsí ni wọ́n máa ń kọ. Láìpẹ́, èèyàn mẹ́rin ti lọ ka ohun kan náà, nígbà tí kóòsì míì ò ní olùkọ́ rárá. Kí ẹ̀ka kọ ètò ọdún mẹ́ta sílẹ̀: àwọn kóòsì tí kò lólùkọ́, ẹni tó máa lọ kà á, ẹni tó máa di iṣẹ́ rẹ̀ mú, àti yàrá iṣẹ́ tó máa bá nílẹ̀ bó bá dé. Ẹni tó padà dé tí kò rí àga jókòó sí, kò ní pẹ́ tún lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ara wa. Bí ìpàdé bá tán ní Àbújá níbí, a máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìròyìn owó ìwádìí àti àpérò ti ń jáde. Ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Gbagyi tàbí Tiv ń kọjá lọ, kò gbọ́. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún wa ni a sì máa ń tọ́ sọ́nà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá tó wà ní Sokoto, ní èdè Haúsá. Kí gbogbo ìròyìn bẹ́ẹ̀ wọ WhatsApp ẹ̀ka lọ́jọ́ tó bá dé, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ fi pín ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà àti ẹni tí wọ́n ń tọ́ sọ́nà, kí wọ́n máa pàdé fún ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ọjọ́ rẹ̀ kó wà lákọsílẹ̀.

Ẹ má fi ìpàdé sí ọ̀sán Jímọ̀, ẹ má fi sí àsìkò máàkì. Nínú oṣù Ramadan, àárọ̀ ló dára jù.

Kíka orí èèyàn

Lọ́dún 1959 ni Donald Kirkpatrick, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ìbéèrè mẹ́rin tí a fi ń wọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ṣé ó wù wọ́n, ṣé wọ́n kọ́ ọ, ṣé wọ́n ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́, kí ló yí padà nítorí rẹ̀? Èkíní nìkan ni fọ́ọ̀mù tí à ń pín lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ń béèrè. Fún ìyókù, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí olùkọ́ pín bébà kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́, láìkọ orúkọ: kí ló ń ràn ọ́ lọ́wọ́, kí ló ń dí ọ lọ́wọ́, kí lo fẹ́ kí n yí padà? Kó dáhùn ohun kan ó kéré tán ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò tún ní kọ òótọ́ mọ́.

Kí ẹ sì gba ìbéèrè ìdánwò tó kọ kó tó wá sípàdé àti èyí tó kọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti tẹ́lẹ̀: “Dárúkọ ohun márùn-ún tó ń fa kí àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ.” Ti ìsinsìnyí: “Òjò mẹ́ta péré ti gbẹ́ kòtò sí oko àgbẹ̀ kan ní Kwali, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni oko náà wà. Owó iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣé ebè tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó kọ ni, àbí koríko ni kó gbìn? Sọ ìdí rẹ̀.” Bébà méjì yẹn ni kí ẹ gbé síwájú ẹni tó bá ń béèrè iye èèyàn tó wá.